Ẹ̀rí Tí Wọ́n Ní Kí N Jẹ́ Nípa Ìlú Tí Kò Parẹ́

Ìjọ Màámi gbààwẹ̀ fún mi nítorí eré. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ló ṣe rí. Àwọn àgbàlagbà ní Igbodigo, ìlú wa nílẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn tí wọ́n ń jí lọ sóko ọ̀pẹ láàárọ̀, wọ́n pa ẹnu mọ́ sí oúnjẹ nítorí pé wọ́n gbọ́ ohùn mi nínú fóònù tí mò ń sunkún pé gbogbo èèyàn ti kú tán, pé èmi nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó kú o. Èmi tí mò ń sunkún yẹn, tíì gbígbóná àti bisikíìtì ló ń dúró dè mí. Bí mo bá ti rántí rẹ̀ báyìí, ojú á tún máa tì mí bí ẹni pé àná ni.

Ẹ jẹ́ n rò ó bó ṣe lọ.

Ìlú Hull ni mò ń gbé, létí omi, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò ní sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ẹni tó ti rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì rìn ín rí, kí Ọlọ́run bá a ṣe é ní ìrọ̀rùn. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí láti ilé, mo ti múra sílẹ̀ dè é. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé, láti ẹnu ọ̀nà Màámi dé ibi tí èèyàn ti ń rí ọ̀kadà, ẹnu èèyàn kì í sinmi: ẹni tó ń din gààrí, wàá kí i kú iṣẹ́, ẹni tó jókòó lásán, wàá kí i kú ìjókòó, ẹni tó ń bọ̀ láti Okitipupa, wàá kí i kú àbọ̀, á sì bi ẹ́ léèrè gbogbo ará ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ kó o kọjá. Nígbà tí mo wà nílé, inú máa ń bí mi sí i. Mo máa ń sọ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ò jẹ́ kí èèyàn tètè débi tó ń lọ.

Ní Hull, àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́, mo dé ibùdókọ̀, mo bá àwọn èèyàn tí wọ́n tò síbẹ̀. Èmi ọmọlúàbí! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹnì kan gbé fóònù rẹ̀ sójú. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tètè wo ibòmíì. Bàbá arúgbó kan tó mú ajá dání wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ṣé mo mọ̀ ẹ́ ni?” Mo ní rárá, sà. Ajá rẹ̀ nìkan ló yà sọ́dọ̀ mi, ó ń gbọ́ òórùn bàtà mi. Ọkọ̀ dé, mo lọ jókòó sẹ́yìn, ara mi ń gbóná fún ìtìjú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Ibi ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ̀lì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀, gọbọi gọbọi, nínú kẹ̀kẹ́ onírin. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ga ju ilé wa lọ, ariwo rẹ̀ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ, ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Èmi àti obìnrin ará Poland kan la jọ máa ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Èmi á di etí kan mú, òun á di èkejì mú, a ó fà á, a ó sún mọ́ ara wa, ọwọ́ wa á kan ara wa, a ó tún padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, ojú mi lójú rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó bímọ. Nílé wa, kí obìnrin méjì jọ bó ẹ̀gẹ́ tán nínú agbọ̀n kan, wọn á ti mọ àṣírí ìyá ọkọ ara wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni Màámi máa ń pè mí, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Fóònù kékeré tí kò ní àwòrán ni tiwọn, nítorí náà Bùrọ̀dá Ṣèyí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló máa ń bá wọn fi tirẹ̀ pè mí.

“Báwo ni?”

“Dáadáa ni, Màámi.”

“Ṣé o ń jẹun?”

“Mò ń jẹun, Màámi.”

“Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń kọ́, ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa sí ẹ?”

“Wọ́n ń ṣe dáadáa.”

Irọ́ kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò sẹ́ni tó lù mí, kò sẹ́ni tó bú mi, ebi ò pa mí. Bí ẹnì kan bá ṣẹ èèyàn, èèyàn á mọ ẹni tí yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ayé bá ń kọjá lára èèyàn bí ẹni pé òpó iná ni, ta ni ó máa fẹ̀sùn kàn? Ní gbogbo ìgbà yẹn, gbogbo Igbodigo ló ti mọ̀ pé ọmọ Màámi wà nílùú òyìnbó. Ojú ń tì mí pé inú mi ò dùn. Mo ní kí ni mo rò pé mo jẹ́, tí mo dé ibi tí àwọn ẹlòmíì ń fi omijé bẹ Ọlọ́run fún, tí mo tún ń wá ẹni tí yóò kí mi kú ìjókòó.

Ọjọ́ kan ni obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hannah wọ ibi iṣẹ́ wa. Ó mú nǹkan onírun kan dání, ó so ó mọ́ orí ọ̀pá, ó ń nà án sí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń nu eruku ara wọn ni. Àṣé ohùn ló ń gbà. Wọ́n ń ṣe eré kan, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Pódíkáàsì ni wọ́n ń pè é, eré tí èèyàn ń fi etí gbọ́ lórí fóònù láìsí àwòrán kankan, bí eré orí rédíò ìgbà tí a wà ní kékeré. Nínú ìtàn náà, ayé ti bàjẹ́. Òkun ti ya wọ àwọn ìlú, iná ti kú, àwọn tó ṣẹ́ kù ò tó nǹkan. Kálukú sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ tí wọ́n rí he pe ara wọn pé ṣé ẹnì kankan ṣì wà láàyè. Ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìró òkun.

Bí a ṣe jáde láti lọ jẹun ọ̀sán, Bùrọ̀dá Ṣèyí pè mí, a sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Ìkálẹ̀. Hannah dúró, ó ń gbọ́ mi. Ó bi mí pé èdè wo nìyẹn. Mo ní Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ti àdúgbò wa. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní òun ní obìnrin kan nínú eré náà tó há sínú ilé ìkẹ́rù kan lóun nìkan, tó ń fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ. Àwọn tó kù ń gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní ṣé mo lè ṣe é?

Èmi! Èmi tí wọ́n lé kúrò nínú eré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì torí pé mò ń rẹ́rìn-ín. Mo ní màá ṣe é.

Yàrá òkè ilé rẹ̀ ni a ti ṣe é. Wọ́n ta bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ara gbogbo ògiri kí ohùn má baà jáde. Hannah ní kí n sọ ohunkóhun tó bá wù mí, kí n ṣáà máa rántí pé omi ti gbé gbogbo èèyàn lọ, pé ìyá mi ni mò ń pè. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí mo sọ, ohùn ló ṣe pàtàkì. Mo de nǹkan ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí, mo sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, mo lanu. Ìkálẹ̀ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo wa.

Mo ní, “Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Omi ti gbé wọn lọ. Èmi nìkan ló kù síbí. Ẹ bá mi sọ fún wọn ní Igbodigo pé mo wà láàyè.”

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ẹnu mi ò dúró.

“Màámi, mo jí láàárọ̀, mo ní ẹ kú àárọ̀ o. Wọn ò dá mi lóhùn. Mo tún kí wọn lọ́sàn-án. Mo kí wọn títí, ó sú mi. Màámi, bí mo bá ṣubú síbí, mi ò mọ ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè mi.”

Mo wá bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún òṣèré o, ẹkún tí imú ń dà ni. Hannah náà ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí a ṣe tán, ó dì mọ́ mi, ó fún mi ní tíì àti bisikíìtì, ó ní irú ẹ̀bùn wo nìyí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣeun. Wọ́n dárúkọ mi ní ìparí eré náà, mo gbọ́ ọ létí ara mi, mo sì tún un gbọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ nílé, nítorí báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé wọ́n mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ta bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri kí n lọ sunkún níbẹ̀?

Àṣé ẹnì kan tó gbọ́ èdè wa ti gbọ́ ọ. Ta ni, mi ò mọ̀ títí dòní. Ó gé ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yẹn nìkan, kò fi orin sí i, kò fi òyìnbó kankan sí i, ó jù ú sórí WhatsApp pé ẹ gbọ́ ohùn ọmọ Ìkálẹ̀ yìí o, ta ló mọ̀ ọ́n? Ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó dé Àyèká, ó dé Okitipupa. Obìnrin kan nínú ìjọ Màámi ló gbé e tọ̀ wọ́n lọ níbi tí wọ́n ti ń yan pupuru ẹ̀gẹ́, ó ní, “Ìyá Ṣèyí, ẹ wá gbọ́. Ṣé ohùn ọmọ yín kọ́ nìyí?”

Wọ́n pè mí. Mi ò gbé e. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù mi bọ́ sínú omi ìfọṣọ, ó kú fin-ín, mo sì ń dúró kí owó oṣù wọlé kí n tó ra òmíràn. Wọ́n pè títí. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àdúgbò mi nìkan ni wọ́n rò pé omi gbé lọ. Màámi gbé sùtánà mi, aṣọ funfun ìjọ wa, tó kù nílé, wọ́n gbé e lọ síwájú ìjọ, Bàbá Wòlíì tan àbẹ́là yí i ká, wọ́n sì kéde ààwẹ̀.

Gbogbo èyí, èmi ò mọ̀. Mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní tèmi.

Nígbà tí mo ra fóònù tuntun tán tí mo pe ilé, Bùrọ̀dá Ṣèyí ló gbé e. Igbe ló fi dá mi lóhùn. “Ó wà láàyè o! Màámi! Ó wà láàyè!” Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pariwo halelúyà lẹ́yìn rẹ̀. Màámi gba fóònù.

“Ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, Màámi. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ó dáa,” wọ́n ní, wọ́n sì dá fóònù padà fún un. Mo rò pé ayọ̀ ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bùrọ̀dá Ṣèyí wá jáde síta, ó ní, “Omi yẹn ń kọ́? Ṣé ó ti fà?”

“Omi wo?”

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú síta. Mo ní eré ni. Ó ní kí ni mo wí? Mo ní eré ni, Bùrọ̀dá, wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni tí ayé ti parẹ́ mọ́ lórí.

“Yéè,” ó ní. “O ti pa wá.”

Ó rò ó fún mi látòkèdélẹ̀. Ó ní Ìyá Ẹ́sítà, tó dàgbà jù nínú ìjọ, tí dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ fi ebi sùn, wọ́n gbààwẹ̀. Ó ní àwọn kan ò lọ sóko nítorí mi. Ó ní Bàbá Wòlíì ti kéde ìdúpẹ́ fún ọjọ́ Ìsinmi, pé èmi fúnra mi yóò jẹ́rìí lórí fóònù, tí gbogbo ìjọ yóò máa wò mí. “Bó o bá sọ pé eré ni, ojú wo ni Màámi fẹ́ fi wo àwọn èèyàn? Wọ́n ti bẹ gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn láti ilé dé ilé, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n.”

“Bùrọ̀dá, iwájú Ọlọ́run lẹ ní kí n ti purọ́?”

“Ta ló ní kó o purọ́? Ṣáà sọ pé Ọlọ́run yọ ẹ́. Àbí kò yọ ẹ́ rí ni? Má sọ ohun tó yọ ẹ́ nínú rẹ̀. Sọ ọ́ ní kíákíá, ká kọrin, ká lọ jẹun.”

Mo gbà. Ẹ gbọ́ mi o, mo gbà! Kò tiẹ̀ pẹ́ kí n tó gbà. Mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mò ń kọ́ ẹ̀rí èké sórí: ibi tí màá ti dákẹ́ díẹ̀, ibi tí ohùn mi á ti gbọ̀n. Obìnrin ará Poland yẹn ń wo ẹnu mi bó ṣe ń jó. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò ṣòro fún mi rárá. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá tó ń bẹ àwọn èèyàn láìwọ bàtà, èmi ọmọ rẹ̀ ń wá bí ẹkún mi á ṣe dùn ún gbọ́. Bí ẹnì kan bá wo inú ọkàn mi lọ́sẹ̀ náà, màá sá fún un.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Mo wé ìborí funfun kan mọ́ orí, mo jókòó síwájú ògiri tí kò ní nǹkan kan lára, kí wọ́n má baà rí i pé yàrá mi gbẹ, pé kò sí omi tó kàn án rí. Bùrọ̀dá Ṣèyí gbé fóònù sókè, mo sì rí gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, láti iwájú dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí Ìyá Ẹ́sítà níwájú, wọ́n ti rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti wọnú. Mo fẹ́ pa fóònù náà.

Bàbá Wòlíì ní, “Ọmọ wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó yọ ẹ́. Ìjọ ń gbọ́.”

Mo ya ẹnu. Kí ohùn tó jáde, Màámi dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Kó tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀.”

Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún wọn. Màámi kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba.

“Ẹ̀yin ará, eré ni. Kò sí omi kankan tó gbé ìlú kankan lọ.”

Bùrọ̀dá Ṣèyí mi fóònù, mo rí òrùlé, mo tún rí Màámi.

“Ààwẹ̀ wa ò tíì parí tí mo ti mọ̀. Mo gbé ohùn náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe ní Okitipupa, ó bá mi wá odindi rẹ̀ rí. Mo gbọ́ orin. Mo gbọ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n ń ṣeré. Mo mọ̀ pé eré ni, mi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni jẹun. Ẹni tó bá bínú sí mi, kó bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìyá Ẹ́sítà, ẹ dárí jì mí.”

Mo pè wọ́n láti inú fóònù, mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” Wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

“Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní òun kí èèyàn títí ó fi sú òun. Ó ní bí òun bá ṣubú, ta ni yóò béèrè òun. Ẹ̀yin ará, ìyẹn kì í ṣe eré. Èmi ni mo bí i, mo mọ ẹkún rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ wá sí iwájú yín kí n ní ẹ bá mi gbààwẹ̀ nítorí pé wọn ò kí ọmọ mi. Mo rò pé ẹ ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo wá jẹ́ kí ẹ máa rò pé omi ló gbé ìlú lọ.”

Màámi fi etí ìborí nu imú.

“Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń bi í pé báwo ni. Dáadáa ni, dáadáa ni. Ẹ̀rọ ló lọ rò ó fún. Ó rò ó fún ẹ̀rọ, kò rò ó fún mi. Ojú ń tì mí.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjú sí fóònù. Èmi tí ẹ̀rí wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Màámi ti gbé ìtìjú tó yẹ kí n gbé, wọ́n gbé e wọ̀ bí aṣọ lójú gbogbo Igbodigo, èmi sì jókòó síwájú ògiri gbígbẹ pẹ̀lú irọ́ tí mo ti kọ́ sórí.

“Ìwọ,” wọ́n ní. “Mo tún ń bi ẹ́. Báwo ni?”

Mo gbìyànjú. Lóòótọ́ ni mo gbìyànjú, ẹnu mi ti bọ́ sórí “dáadáa” kí n tó dá a dúró. Bàbá Wòlíì ti gbé ojú sílẹ̀.

“Dá ìyá ẹ lóhùn!” Ìyá Ẹ́sítà ló kígbe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tó kù fún wọn.

“Kò dáa, Màámi,” mo ní. “Kò dáa rárá.”

Màámi mi orí. Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún ẹni tó ni ín, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Ṣèyí, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì gbé mi sétí bí ẹni pé àwa méjì nìkan la wà nílé. Àwọn akọrin dìde dúró, wọ́n tún jókòó.

“Ó yá,” wọ́n ní. “Máa rò ó. Mò ń gbọ́.”